Òfin Tí Wọ́n Gbé Pamọ́ Kì í Ṣe Òfin

Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ sọ́fítíwià jẹun nínú yàrá kan ní Iba, kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà Housing Estate. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ti fọwọ́ kan igi gọ́ọ̀fù rí. Ẹ lè bi wá pé kí ló wá kàn wá nínú eré àwọn olówó. Ìdáhùn wa ò gùn: àwa la kọ ojúewé kan tí wọ́n fi pe àwọn èèyàn wá gba ẹ̀bùn, tí wọn ò sì sọ òfin ẹ̀bùn náà fún wọn. Ká má purọ́, a gba owó iṣẹ́ náà, a sì ti ná an. Ìdí tá a fi ń kọ eléyìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀gá kan tó máa ń bá wa wá iṣẹ́ pè wá láti Island. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ṣe ìdíje gọ́ọ̀fù fún àwọn oníbàárà rẹ̀, wọ́n sì nílò ojúewé tí èèyàn á ti forúkọ sílẹ̀, tí á sì ti sanwó. Àwòrán ọkọ̀ tuntun kan ló gba gbogbo òkè ojúewé yẹn, pẹ̀lú gbólóhùn kan péré lábẹ́ rẹ̀: ẹni tó bá gbá hole-in-one ló ni ọkọ̀ yìí. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, hole-in-one ni kí èèyàn gbá bọ́ọ̀lù láti ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kó sì wọ inú ihò lẹ́ẹ̀kan náà, láìtún gbá a mọ́. Ihò 18 ló wà lórí pápá gọ́ọ̀fù tó pé. Níbi àwọn tí ọ̀nà wọn kúrú jù ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀.

Nínú àwọn fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ni ìwé ilé-iṣẹ́ adójútòfò wà, ìyẹn àwọn oníṣọ́ránsì tó máa san owó ọkọ̀ náà bí ẹnì kan bá gbá a wọlé. A ò rò pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í kún un. A kà á. Ihò kan ṣoṣo nínú méjìdínlógún ni ẹ̀bùn náà wà fún. Ibi tí wọ́n máa ti gbá bọ́ọ̀lù ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ihò ju iye yáàdì kan lọ, ì báà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹlẹ́rìí méjì tí kì í ṣe ẹbí, tí wọn ò sì sí lára àwọn tó jọ ń gbá a, gbọ́dọ̀ fojú rí i. Ẹni tó bá ti fi gọ́ọ̀fù gba owó rí ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Iye èèyàn tó bá díje ò gbọ́dọ̀ ju iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ nìkan ló kà. Ẹni tó bá fi àkọ́kọ́ ṣòfò, tó wá gbá èkejì wọlé, ó kàn gbádùn ara rẹ̀ ni.

A bi wọ́n pé ibo la máa kọ gbogbo èyí sí. Wọ́n ní ká kọ "T&C apply" sí ìsàlẹ̀, pé àwọn á fi líǹkì ránṣẹ́ tó bá yá. Líǹkì ò dé. A tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní ká má da ara wa láàmú jàre, ta ló fẹ́ gbá a wọlé? A gbé ojúewé náà síta. Ọjọ́ ìdíje pé, ó kọjá, kò sẹ́ni tó gbá a wọlé. Ọlọ́run ló kó wa yọ. Ká ní obìnrin kan dúró síbi àmì àwọn obìnrin, tó gbá a, tó wọlé ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ mọ òfin, oníṣọ́ránsì mọ òfin, àwa tá a wà ní Iba pàápàá mọ òfin. Obìnrin yẹn nìkan ni kò ní mọ̀.

Ohun tá a fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ. Òfin tí ẹni tó ń díje ò rí kó tó gbá bọ́ọ̀lù, ẹ má pè é ní òfin. Pańpẹ́ ni. Bí ẹnì kan bá ṣe ohun tí pátákó ní kó ṣe, ẹ gbé ẹ̀bùn rẹ̀ fún un. Bí oníṣọ́ránsì bá wá kọ̀ láti sanwó, kí ẹni tó gbé pátákó síta fi owó ara rẹ̀ san án.

Ẹ wo ayò. Òun náà ní ihò, méjìlá, pẹ̀lú ọmọ 48. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọmọ àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tó jókòó ti ọpọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ. Ọ̀ta lè na òpè títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sí ìjà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀ta tó máa dúró kí òpè jẹ tán kó tó sọ pé ọmọ tó bá ti ihò kẹta jáde kì í jẹ. Àwọn tó dúró ń wòran á hó lé e lórí ni. Àwọn òǹwòran yẹn ló ń ṣọ́ òfin, torí pé àwọn náà mọ̀ ọ́n. Níbi ẹ̀bùn gọ́ọ̀fù, inú fáìlì lòfin wà, òǹwòran ò sì lè ṣọ́ ohun tí kò rí.

Ẹ má rò pé à ń bẹ̀rù ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó ti dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní May 1987, ọkùnrin kan ń díje gọ́ọ̀fù ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Nígbà tó dé ibi ihò kẹsàn-án, ó bá ọkọ̀ Chevrolet Beretta tuntun níbẹ̀ pẹ̀lú pátákó tó sọ pé ẹni tó bá gbá hole-in-one ló ni ín. Ó gbá a, ó wọlé. Ó ní òun fẹ́ gba ọkọ̀. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ ní rárá o, ìdíje àánú tó wáyé ní ọjọ́ méjì ṣáájú làwọn torí ẹ̀ gbé e síbẹ̀, àwọn kàn gbàgbé láti kó pátákó kúrò ni. Ẹjọ́ yẹn, Cobaugh v. Klick-Lewis, parí sọ́dọ̀ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìpínlẹ̀ náà ní 1989. Ilé ẹjọ́ ní ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó gbé pátákó síbẹ̀ kọ́ ni àwọn máa wò. Ohun tí pátákó sọ fún ẹni tó kà á ni. Ó pè wọ́n, wọ́n jẹ́; ó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ọkùnrin náà ló ni ọkọ̀.

Èkejì ló dùn wá jù, torí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tiwa gan-an. Ní 1995, ní South Dakota, obìnrin kan gbá hole-in-one níbi ìdíje tí wọ́n ti fi ọkọ̀ Ford Explorer ṣe ẹ̀bùn. Òfin ìdíje yẹn fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn obìnrin dúró síbi àmì tiwọn, tó sún mọ́ ihò ju ti ọkùnrin lọ. Ó dúró síbi tí wọ́n ní kó dúró sí. Lẹ́yìn tó gbá a wọlé ni wọ́n tó sọ fún un pé ìwé oníṣọ́ránsì ní kò gbọ́dọ̀ dín ní 170 yáàdì. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un tẹ́lẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: bó bá tẹ̀ lé òfin ìdíje, ó pàdánù ọkọ̀, bó bá tẹ̀ lé òfin oníṣọ́ránsì, ó rú òfin ìdíje. Ọ̀nà kankan ò sí fún obìnrin láti gba ẹ̀bùn yẹn, síbẹ̀ wọ́n pe obìnrin wá. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà dá a láre ní 1999. Ọdún mẹ́rin gbáko lórí ohun tí ìlà kan lára pátákó ì bá ti yanjú!

Ẹni tó bá ní ti Amẹ́ríkà nìyẹn, kó bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin èyíkéyìí ní LASU nípa ẹjọ́ Carlill. Wọ́n á kà á fún un láìwo ìwé. Ní England, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta oògùn òtútù polówó nínú ìwé ìròyìn pé ẹni tó bá lo oògùn àwọn bó ṣe yẹ, tí àìsàn bá tún mú un, àwọn á fún un ní 100 pọ́n-ùn. Obìnrin kan lò ó, àìsàn mú un, ó béèrè owó rẹ̀. Wọ́n ní eré làwọn ń ṣe. Ilé ẹjọ́ ní 1892 ní ẹ san án, ẹni tó bá ṣèlérí fún gbogbo ayé ti bá ẹni tó bá mú un ṣẹ dá májẹ̀mu. Ìdájọ́ yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn agbẹjọ́rò tiwa náà. Òfin tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ sì sọ pé èdè tó yé oníbàárà ni kí wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀, àti pé kí wọ́n pe àkíyèsí rẹ̀ sí àdéhùn tó bá ń dín ẹrù ilé-iṣẹ́ kù. Ẹni tó sanwó ìforúkọsílẹ̀, ṣé kì í ṣe oníbàárà ni?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, iṣẹ́ wa ṣáà ni. Iye tí àwọn onígọ́ọ̀fù sábà máa ń dá ni pé ẹni tí kì í fi gọ́ọ̀fù jẹun ní àǹfààní 1 nínú 12,500 láti gbá hole-in-one níbi ihò kan. Ká sọ pé èèyàn 100 ló gbá bọ́ọ̀lù níbi ihò ẹ̀bùn, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àǹfààní pé ẹnì kan nínú wọn á gbá a wọlé jẹ́ nǹkan bíi 1 nínú 125. Ká wá sọ pé mílíọ̀nù 40 náírà ni ọkọ̀ náà. Ẹ pín 40 mílíọ̀nù sí ọ̀nà 125, ẹ máa rí 320,000 náírà. Ẹ fi èrè oníṣọ́ránsì lé e, ẹ jẹ́ kó di ìlọ́po méjì pàápàá, kò tíì pé 700,000. Owó tí ilé-iṣẹ́ ná lórí mílíọ̀nù 40 tó gbé sójú pátákó nìyẹn. Wọ́n ti jẹ èrè ìpolówó wọn látòwúrọ̀. Gbogbo èèyàn ti ya fọ́tò níwájú ọkọ̀, wọ́n ti gbé e sí Instagram. Ẹni kan ṣoṣo tó wá gbà wọ́n gbọ́ débi pé ó gbá a wọlé, òun ni wọ́n fẹ́ ka ìwé fún.

A gbọ́ àwíjàre wọn. Wọ́n ní bí kò bá sí òfin, àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ á máa ki bọ́ọ̀lù bọ ihò. Òótọ́ ni. Ta ló ní kẹ́ ẹ má ṣòfin? Ẹ fi ẹlẹ́rìí síbẹ̀, ẹ gbé kámẹ́rà síbẹ̀, ẹ wọn yáàdì yín, ẹ yọ àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun kúrò bẹ́ ẹ bá fẹ́. Gbogbo ohun tá à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kẹ́ ẹ kọ ọ́ síta. Wọ́n tún ní òfin wà ní ọ́fíìsì, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lè béèrè. Kí ló dé tí àwòrán ọkọ̀ náà ò kúkú dúró sí ọ́fíìsì, kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó lọ béèrè? Àwọn mìíràn á ní olówó ni wọ́n ń rẹ́ jẹ, kí ni tálákà ń sunkún sí? Ẹ̀gbọ́n, olówó yẹn ní agbẹjọ́rò. Ọgbọ́n tí wọ́n bá fi rẹ́ ẹ jẹ lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa gbé e wá sọ́dọ̀ ẹni tí kò ní.

Àwọn tó ni eré náà gan-an mọ bí wọ́n ṣe ń ṣòfin. Tẹ́lẹ̀ rí, bí ẹni tí kì í fi gọ́ọ̀fù jẹun bá gba ẹ̀bùn hole-in-one tó tóbi ju iye tí òfin gbà lọ, ó máa pàdánù ipò yẹn. R&A ní Scotland àti USGA ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń darí òfin gọ́ọ̀fù, wá yí i padà: láti January 1, 2012, ẹni tó bá gbá a wọlé nígbà tó ń gbá ìdíje rẹ̀ lọ lè gba ẹ̀bùn náà, bó ti wù kó tóbi tó. Bóyá ẹ fẹ́ràn òfin ti tẹ́lẹ̀ tàbí ti ìsinsìnyí, ẹ rí i pé ó ní ọjọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù tán kí wọ́n tó wá sọ ọ́ sí i létí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ní Ojo, Iba àti Okoko, bẹ́ ò tiẹ̀ tíì rí pápá gọ́ọ̀fù rí, ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń kọ́ṣẹ́ títún fóònù ṣe ní Alaba. Nígbà ọdún Kérésì, ó ra fóònù ní ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Okokomaiko. Pátákó wọn ní: ra fóònù, gba tíkẹ́ẹ̀tì, jẹ jẹnẹrétọ̀. Wọ́n fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà rẹ̀ jáde. Ó háyà kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ síbẹ̀, torí pé jẹnẹrétọ̀ ò ṣeé gbé sí ọ̀kadà. Wọ́n wo rìsíìtì rẹ̀, wọ́n ní àwọn tó ra fóònù olówó ńlá nìkan ni tíkẹ́ẹ̀tì wà fún, pé ọmọ ìtajà ló ṣèèṣì fún un. Wọ́n fún un ní ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí láyà. Ó sanwó kẹ̀kẹ́ lọ, ó sanwó kẹ̀kẹ́ bọ̀. Ẹ̀wù yẹn ló ṣì ń wọ̀ lọ sí Alaba.

Ẹ sọ fún wa, kí ni ìyàtọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn àti ojúewé tí àwa kọ? A wá a títí, a ò rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti promo orí fóònù: ní November 2012, ẹ̀sùn pọ̀ débi pé àjọ NCC dá gbogbo promo àti lọ́tìrì àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù dúró nílẹ̀ yìí. A sì mọ ohun tí ọkọ̀ ọ̀fẹ́ ń ṣe fún ojú èèyàn. Volks tá a máa ń bọ́ọ́lẹ̀ sí yìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Volkswagen pọ̀ níbẹ̀ ní 1975, a sì ṣì ń fẹsẹ̀ rìn kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá gbé àwòrán ọkọ̀ síwájú irú wa mọ̀ pé a ò ní wo ìsàlẹ̀.

Àwa ará ọ̀nà Badagry mọ̀ pé ìlérí lè má dé ibi tí wọ́n ní yóò dé. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tí wọ́n ní yóò dé Okokomaiko, Mile 2 ló dúró sí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní September 2023. Ó dùn wá. Àmọ́ Mile 2 ni wọ́n kọ síbẹ̀, Mile 2 ni wọ́n gbowó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sanwó Okoko kí wọ́n tó já a sílẹ̀ lọ́nà. Bí ọkọ̀ ojú irin bá lè sọ ibi tó ń lọ kí èèyàn tó wọ̀ ọ́, ẹ̀bùn gọ́ọ̀fù náà lè sọ ọ́.

Ohun tá à ń béèrè ò le. Kí gbogbo òfin ẹ̀bùn wà lójúewé kan náà pẹ̀lú àwòrán ẹ̀bùn, lókè bọ́tìnì ìforúkọsílẹ̀, kí lẹ́tà rẹ̀ sì ṣeé kà lórí fóònù. Kí wọ́n tún kọ ọ́ sára pátákó tó wà níbi ihò náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Kí àmì tí wọ́n ní kí obìnrin, àgbàlagbà tàbí ọmọdé dúró sí jẹ́ ibi tí oníṣọ́ránsì fọwọ́ sí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́. Bí ìdíje bá parí, kí wọ́n kó pátákó wọn lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí òfin méjì bá sì ń ta ko ara wọn, kí ẹni tó gbá a wọlé gba ẹ̀bùn rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ àti oníṣọ́ránsì lọ yanjú tiwọn níbòmíràn.

Ní tiwa, a ti bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ ìdíje tó bá ń tọwọ́ wa jáde báyìí, bọ́tìnì ìforúkọsílẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́ bí òfin ẹ̀bùn ò bá sí lójúewé. Ìlà kóòdù mẹ́rin péré ni. Oníbàárà kan ní ká yọ ọ́, a ní a ò yọ ọ́, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Owó yẹn ì bá san owó yàrá wa fún oṣù méjì, a ò ní purọ́ fún yín pé kò dùn wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù bíi tiwa, ẹ kọ ìlà mẹ́rin yẹn sínú tiyín kó tó di pé ẹ gba owó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń díje, ì báà jẹ́ gọ́ọ̀fù ní Ikoyi tàbí tíkẹ́ẹ̀tì jẹnẹrétọ̀ ní Okoko, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n lójú gbogbo èèyàn: òfin ẹ̀bùn yìí dà? Bí wọ́n bá ní líǹkì ń bọ̀, ẹ fi owó yín sápò.